Ẹ Jẹ́ Kí A Gbin Ewé Eéran sí Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, nítorí àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìwọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ewé ni. Ewé tí a fi ń di iyán, tí a fi ń di ẹ̀kọ, tí a sì fi ń pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín; ewé eéran ni mo ń wí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti ka àkọlé yìí. Wọn yóò wí pé, "Ta ni í gbin ewé? Ìgbà tí a kò bá gbin ewé mọ́, ṣé koríko ni yóò kàn?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n sì fi sùúrù ka ohun tí mo kọ.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo lọ sí ọjà ní Adó-Èkìtì láti ra ewé, nítorí àwa ń retí àlejò ní ilé. Mo bá ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ti ìdì ewé mẹ́ta péré. Mo kí i pé ẹ kú ọjà, mo béèrè iye tí ó ń ta ìdì kan, nígbà tí ó sì dá mi lóhùn, mo kígbe. Ìyá náà wò mí títí, ó wí pé, "Ọmọ mi, ìwọ ń sọ̀rọ̀ owó, èmi ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀." Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọge, ẹ̀bá odò tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá òun ni òun ti ń já ewé, òun a sì ti padà dé kí oòrùn tó mú. Nísinsìnyí, òun ní láti gun ọ̀kadà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí òun rìn wọ inú oko ẹlòmíràn, kí òun sì máa bẹ olóko. Nígbà mìíràn, bí òun bá dé ibẹ̀, gbogbo ewé náà ti rọ, wọ́n ti gbẹ, nítorí olóko ti fín oògùn apakoríko sábẹ́ kòkó rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìyá yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ta ọ̀ọ̀lẹ̀. Inú ọ̀rá ni ó ti sè é. Mo béèrè ìdí rẹ̀, ó sì fi orí tọ́ka sí ìyá náà. Ó ní bí òun bá ra ewé rẹ̀, èrè òun ti tán kí òun tó gbé ìkòkò kaná.

Mo ra ewé mi, mo sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá kan kò rí ewé já, ọmọ kan kò rí ewé rà, ilé mi tí mo sì ń padà lọ ní ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́yìn, lábẹ́ igi ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kò sí ohun tí ó ń ṣe nínú rẹ̀ bí kò ṣe pé adìẹ ń tàn án.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú àwa tí ń jẹ oúnjẹ inú ewé yìí lójoojúmọ́ kò tíì rí i níbi tí ó dúró sí rí. Ewé eéran kì í ní igi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, láti inú gbòǹgbò yìí ni ewé kọ̀ọ̀kan ti ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì le, èyí tí ó lè ga ju ènìyàn lọ. Ojú ewé náà lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó ń dán, kò tètè ya, bí a bá sì fi iná wọ̀ ọ́ ó ń rọ̀ dípò kí ó fọ́. Òdòdó rẹ̀ kì í hàn sí ẹni tí ń kọjá lọ, nítorí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ ni ó ti ń tanná, lábẹ́ àwọn ewé ńláńlá náà. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń so. Èso rẹ̀ ní igun mẹ́ta, bí ó bá sì pọ́n, ó pupa fòò. Ẹni tí ó bá là á yóò rí kóró dúdú líle nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun kan tí ó mọ́ bí omi tí ó sì ń yọ̀ tí ó bo kóró náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí a tọ́ dàgbà ní oko mọ ohun tí ó kù. Àwa ọmọdé a máa fi kóró yìí sẹ́nu, a ó sì máa pọ́n ọn lá. Adùn rẹ̀ kì í tètè dé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, kì í tètè lọ. Ẹni tí ó bá lá a tán tí ó sì mu ọsàn kíkan, ọsàn náà yóò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1855, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní etí òkun ìhà ọ̀dọ̀ wa, William Daniell, kọ̀wé sí àwọn ará ìlú rẹ̀ nípa èso yìí, bí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi í mú oúnjẹ àti ẹmu tí ó ti kan dùn. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi pe ewé náà títí di òní: Thaumatococcus daniellii. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Họ́láàńdì yọ ohun tí ó ń mú un dùn jáde, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ṣúgà rárá. Irú èròjà tí ó wà nínú ẹran àti ẹyin, èyí tí ń mú ara dàgbà, ni. Wọ́n sọ ọ́ ní thaumatin. Bí a bá wọn òun àti ṣúgà ní ìwọ̀n kan náà, adùn rẹ̀ lé ní ìlọ́po 2,000 ti ṣúgà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń fi í sínú ṣíngọ́ọ̀mù àti àwọn ohun mímu, àmì tí wọ́n sì ń kọ sára páálí fún un ni E957. Ohun tí àwa ń lá tí a sì ń tu kóró rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà oko nìyí!

Mo mẹ́nu kan èyí kí a lè mọ̀ pé ewé yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ níhìn-ín kíákíá. Àwọn kan wà tí ń rìn kiri tí wọ́n ń sọ fún àgbẹ̀ pé èso yìí yóò sọ ọ́ di olówó láàárín ọdún kan. Ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Èso náà kì í pọ̀ bí òdòdó rẹ̀ ti pọ̀, kíkó rẹ̀ gba ìdọ̀bálẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń rà á ní ọjà Adó. Àwọn onímọ̀ ìlú òkèèrè tilẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtiṣe adùn náà láìlo èso rẹ̀. Ewé ni a ń rà ní ọjà wa, ewé ni a nílò, ewé ni kí a gbìn. Bí èso bá sì so, ti àwọn ọmọdé ni.

Èéṣe tí ewé tí ó kún inú igbó wa tẹ́lẹ̀ fi di ohun àwárí? Àwọn kan ń fi ẹ̀sùn kan àwọn obìnrin tí ń já a, pé wọ́n já a jù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n ó sì padà dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ń já ewé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ewé kò sì tán. Ohun tí ó yí padà ni ilé ewé náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó sì di olú-ìlú rẹ̀, ilé ti ń gba oko, oko sì ti ń gba igbó. Ẹ wo ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ẹ wo ọ̀nà Ìyìn, ẹ wo ọ̀nà Ìwòròkò àti ọ̀nà Ìjàn. Níbi tí àfonífojì tútù wà tí igi ńláńlá ṣíji bò, a ti gé igi, a ti kó erùpẹ̀ dí àbàtà, a ti mọ ògiri. Ewé eéran kò lè gbé láìsí ìbòòji, kò sì lè gbé níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Bí ibùgbé rẹ̀ bá lọ, òun náà yóò lọ, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kò já ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Oògùn apakoríko ni ó sì wá parí rẹ̀. Abẹ́ kòkó jẹ́ ilé dáradára fún ewé yìí, nígbà àwọn bàbá wa tí a ń fi àdá ro oko, àdá a máa gé ewé, gbòǹgbò a sì tún sọ. Ṣùgbọ́n oògùn tí a ń fín nísinsìnyí ń gba ojú ewé wọlé dé gbòǹgbò, a sì pa á pátápátá. Èmi kò bá àgbẹ̀ wí pé ó ń fín oògùn, nítorí mo mọ iye tí àwọn alágbàṣe ń gbà lójúmọ́ láti ro oko. Ṣùgbọ́n mo bá ẹni tí ó ń fín in sórí ewé eéran wí, nítorí ewé yìí fúnra rẹ̀ ń pa koríko. Níbi tí ó bá ti bo ilẹ̀ dáadáa, òkùnkùn abẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí èpò hù. Olóko náà ń fi owó pa ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, ohun ọ̀gbìn kan wà nínú igbó wọn tí wọ́n ń pè ní trillium. Òun náà ń gbé abẹ́ igi, òun náà ń ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ó sì fẹ́ràn mẹ́ta bí èso eéran wa ti fẹ́ràn rẹ̀: ewé mẹ́ta ni ó ń yọ, òdòdó rẹ̀ sì ní ìtànná mẹ́ta. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fi mú un ní ọdún 1937 gẹ́gẹ́ bí òdòdó àmì ìpínlẹ̀ wọn. Èèrà ni ó ń bá a gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Láti irúgbìn dé òdòdó àkọ́kọ́ lè gbà tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn rí ẹwà rẹ̀, wọ́n ń lọ wú u nínú igbó láti gbìn ín sí ọgbà ilé wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń kú. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọgbà níbẹ̀ ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé kí wọ́n fi ti igbó sílẹ̀, kí wọ́n ra èyí tí a gbìn láti inú ọgbà. Wọ́n sì ń kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá já òdòdó náà pẹ̀lú ewé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba oúnjẹ ọdún tí ń bọ̀ lẹ́nu gbòǹgbò, nítorí kò ní ewé mìíràn tí yóò fi wá oúnjẹ ní ọdún náà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kàn wá gidigidi. Ewé ni ó ń se oúnjẹ fún gbòǹgbò. Ewé eéran sàn ju trillium lọ ní ti pé ó ń yọ èhù léraléra, ṣùgbọ́n bí a bá já gbogbo ewé ìdí kan lẹ́ẹ̀kan, tí a tún padà wá ní oṣù kejì láti já èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà, ewé tí yóò tún yọ yóò kéré sí ti àná, èyí tí yóò tẹ̀lé e yóò tún kéré sí i. Nínú ọgbà mi, èmi kì í já ju ìdajì lọ nínú ewé ìdí kan, n kò sì í fọwọ́ kan èyí tí ó ṣì rọ̀ tí ó ká jọ. Àdá mímú ni mo fi ń gé ọ̀pá rẹ̀, n kì í fà á tu.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ àṣìṣe mi, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìn ewé yìí, mo ṣe é bí ẹni tí ń gbin gbágùúdá. Mo pa ilẹ̀ mọ́ tónítóní, mo kọ ebè, mo gbin gbòǹgbò sínú oòrùn gangan, nítorí mo rò pé ohun tí ó bá rí oòrùn ni í dàgbà. Ó hù. Inú mi dùn, mo sì fi han àwọn aládùúgbò. Ní oṣù kọkànlá ojú ewé bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, etí rẹ̀ gbẹ, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, gbogbo rẹ̀ jóná bí ẹni pé a fi iná sí i. Mo tún un gbìn ní ọdún kejì síbẹ̀ kan náà, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, ó tún kú. Ọdún méjì lọ lásán nítorí agídí. Àbúrò ìyá mi obìnrin ni ó wá wò ó, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti rí ewé eéran láàárín pápá rí. Ẹnu mi wọhò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó kọ́kọ́ wá ìbòòji. Abẹ́ kòkó dára, abẹ́ obì dára, abẹ́ ọsàn, mángòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára pẹ̀lú, bí òòrùn bá sá ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láàárín ewé wọn. Òkùnkùn biribiri kò wù ú. Kí ilẹ̀ náà jẹ́ ibi tí ó ń tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró síbẹ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí omi ìfọṣu ń ṣàn gbà, ni mo fi tèmi sí ní ìgbà kẹta, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀bá ṣáláńgá, kí ó má sì ṣe jẹ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí, nítorí ohun tí a ó fi di oúnjẹ ni.

Òjò oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni àkókò rẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé kóró, nítorí èèpo rẹ̀ le, ó sì lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ kí ó tó hù. Gbòǹgbò ni kí ẹ wá. Ẹ bẹ ẹni tí ó ní i, tàbí olóko tí ó ti fẹ́ pa á run tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe lọ wú ìwọ̀nba tí ó kù nínú igbó. Kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan gùn tó àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì ní ojú èhù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gé àwọn ewé ńlá orí rẹ̀ kúrò kí wọ́n má bàa fa omi rẹ̀ tán, ẹ fi ewé tútù wé e, ẹ sì gbìn ín ní ọjọ́ kan náà. Kí ihò rẹ̀ má ṣe jìn ju ìka ọwọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Lẹ́yìn náà ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó, púpọ̀púpọ̀, bí ó ti máa ń rí nínú igbó. Ní ọdún àkọ́kọ́ ẹ fi ọwọ́ tu èpò inú rẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má ṣe já ewé kankan kí ọdún kan tó pé. Lẹ́yìn èyí yóò máa tọ́jú ara rẹ̀, ìṣòro tí yóò sì kù ni pé ó lè fẹ́ gba ibi tí a kò fi fún un, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹ máa fi ọkọ́ gé etí rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí ẹ bá sì gé kúrò, ẹ fi ta aládùúgbò lọ́rẹ.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ejò yóò fi í ṣe ilé. Èmi kò ní purọ́ fún yín: ibi tí ó bá tutù tí ó sì ṣókùnkùn, ejò lè fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe gbìn ín mọ́ ògiri ilé tàbí abẹ́ fèrèsé. Ẹ fi àlàfo tí ó mọ́ sáàárín rẹ̀ àti ilé, ẹ wọ bàtà gígùn bí ẹ bá ń wọ inú rẹ̀, ẹ sì fi ọ̀pá lu ewé náà kí ẹ tó na ọwọ́ sí i. Irú ìṣọ́ra tí a ń ṣe nínú oko kòkó náà ni, ejò inú oko kòkó kò sì tíì dí wa lọ́wọ́ láti gbin kòkó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n sọ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí gbogbo ilé bá gbin ewé, kí ni àwọn obìnrin tí ń ta ewé yóò jẹ? Mo ronú lórí èyí púpọ̀, nítorí àbúrò ìyá mi tí mo mẹ́nu kàn lókè, opó ni, ewé ni ó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Mo rí i nígbà tí ó ń ru ìdì ewé wọ ìlú ní ìrọ̀lẹ́, tí omi ara ewé ń kán sí i lọ́rùn. Mo sì rí i ní ọjọ́ kan tí ó padà wálé láìru ohunkóhun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ̀rọ̀. Olóko kan tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ni ó lé e jáde kúrò lábẹ́ kòkó, tí ó pè é ní olè níwájú àwọn alágbàṣe, nítorí ewé tí òun fúnra rẹ̀ yóò fín oògùn pa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ewé igbó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn mọ́ ní àyíká Adó. Gbogbo igbó ni ó ti ní olówó.

Ìdáhùn mi nìyí. Àwọn obìnrin tí ń ta ewé gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa tí ń kọ̀wé lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ilẹ̀, àwa ọkùnrin sì mọ ìdí tí wọn kò fi ní i. Ẹni tí ó ní kòkó lè pe obìnrin kan, kí ó fi abẹ́ kòkó náà fún un láti gbin ewé, kí òun má ṣe fín oògùn síbẹ̀ mọ́, kí obìnrin náà sì máa bá a pa èpò mọ́. Olóko kò pàdánù nǹkan kan, obìnrin náà sì ní ibi tí ó lè rìn sí láìbẹ̀rù. Kí wọ́n sọ àdéhùn náà níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì sọ iye ọdún rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa yí padà nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí mówó wọlé. Ní ti àwa tí a ó gbin díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún ọbẹ̀ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ilé wa, a kò lè ba ọjà wọn jẹ́. Ẹ̀fọ́ tí a ń gbìn sẹ́yìn ilé kò tíì mú kí ẹ̀fọ́ tán ní ọjà.

Ohun tí ń ba ọjà wọn jẹ́ ni ọ̀rá. Mo ti bá àwọn tí ń ta oúnjẹ sọ̀rọ̀ lórí èyí, n kò sì bá wọn jà, nítorí owó ni ó lé wọn débẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kí a sọ òtítọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera ti kìlọ̀ pé bí a bá fi ọ̀rá se oúnjẹ, tàbí tí a bu oúnjẹ gbígbóná sínú rẹ̀, àwọn èròjà inú ọ̀rá lè yọ́ wọ inú oúnjẹ náà. Bí a bá sì jẹ oúnjẹ tán, ọ̀rá náà kì í jẹrà. Yóò di gọ́tà, òjò yóò rọ̀, omi yóò sì wọlé tọ̀ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fi òfin de abọ́ fóòmù tí a ń jù nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í di oúnjẹ. Ẹni tí a bá gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun mìíràn fi bu oúnjẹ, ohun náà kò sì gbọdọ̀ wọ́n ju oúnjẹ lọ.

Ewé kò ní irú wàhálà yìí. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jù ú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò di ajílẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ kò ṣòfò pẹ̀lú: àwọn ìyá wa ń tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ọ̀ọ̀lẹ̀ má bàa jó, àwọn mìíràn sì ń là á fi hun ẹní. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Iyán tí ó bá pẹ́ nínú ewé eéran náà a máa gba òórùn rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ òórùn yìí mọ̀ pé kò sí ọ̀rá tí ó lè fún wa ní irú rẹ̀. Kìkì pé kí a fọ̀ ọ́. Kí a fi omi mímọ́ fọ iwájú àti ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan kí a tó lò ó, nítorí kòkòrò àti erùpẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ewé tí a bá sì já nínú oko tí a ti fín oògùn sí, kí a má ṣe lò ó fún oúnjẹ bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù nípa ìlera. Nítorí pé adùn èso yìí kì í ṣe ti ṣúgà, àwọn kan ń sọ fún àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ pé oògùn ni. Kì í ṣe oògùn. Adùn lásán ni. Ẹni tí ó bá ní àìsàn yìí lè lá a bí ọmọdé ti ń lá a, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ fi oògùn dókítà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré.

Ìyá tí mo bá ní ọjà ní ẹ̀ẹ̀rùn náà ti wá sí ilé mi. Ní oṣù karùn-ún ni ó wá, mo sì gbẹ́ gbòǹgbò mẹ́wàá fún un láti etí tèmi, ó fi ewé wé wọn, ó gbé wọn lé orí, ó sì kọ̀ kí ọmọ mi bá a rù wọ́n. Abẹ́ mángòrò tí ó wà nínú agbo ilé wọn ni ó gbìn wọ́n sí. Nígbà tí mo lọ kí i ní ìparí òjò, mẹ́sàn-án nínú wọn ti yọ ewé tuntun. Mo béèrè ìkẹwàá. Ó ní ewúrẹ́ ẹbí ọkọ òun ni ó jẹ ẹ́, òun sì ti fi ẹjọ́ sùn, wọn kò tíì dá a.